Omi táǹkì kò lè tan iná ilé yín

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹnjiníà. Ìbàdàn ni mò ń gbé. Ẹnìkan fẹ́ ta ẹ̀rọ iná olómi fún mi. Pọ́ǹpù á fa omi sínú táǹkì, omi á dà sórí tọ́bàìnì, ìyẹn kẹ̀kẹ́ irin tí omi ń yí, iná tó bá jáde á gbé pọ́ǹpù náà àti gbogbo ilé. Ó ní bí Káínjì ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn. Táǹkì lítà mélòó ni kí n rà?

ÌDÁHÙN: Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má tíì ra táǹkì kankan. Ẹ di owó yín mú ná. Irú ìbéèrè yìí ti pọ̀ jù lọ́wọ́ mi, ó sì ń dùn mí, torí owó ìfẹ̀yìntì ni àwọn mìíràn fẹ́ fi rà á.

Káínjì kì í fa omi gòkè. Òjò tó rọ̀ sórí òkè ní Gínì ló di Odò Ọya. Oòrùn ló gbé omi náà lọ sókè ọ̀run, ẹnikẹ́ni kò sì sanwó fún un. Wọ́n kàn sé odò náà ni, kó lè já lu tọ́bàìnì. Ní tiyín, ẹ̀yin lẹ máa máa sanwó gbígbé omi gòkè.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Gbé táǹkì lítà 1,000 sórí òpó tó ga ní mítà 6, kí omi rẹ̀ dà tán pátá: agbára tó wà nínú rẹ̀ kò ju ohun tí gílóòbù wáàtì 16 ń jẹ ní wákàtí kan lọ. Fáànù wáàtì 60 kan ṣoṣo, láti aago mẹ́wàá alẹ́ sí mẹ́fà àárọ̀, á gbẹ irú táǹkì bẹ́ẹ̀ bí ọgbọ̀n. Pọ́ǹpù wáàtì 750 tó fi ogún ìṣẹ́jú kún ẹyọ kan nínú wọn ti jẹ ìlọ́po mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ohun tí omi náà lè dá padà. Níbo ni iná ilé ti máa wá?

Wọ́n lè sọ fún yín pé wọ́n ń fa omi gòkè kí wọ́n fi tanná ní Wales, nílẹ̀ Bìrìtìkó. Òótọ́ ni, Dinorwig lorúkọ ibẹ̀, láti 1984. Ṣùgbọ́n bó bá gba iná 100, nǹkan bí 75 ló ń dá padà. Ibi ìfiná-pamọ́ ni.

“Ṣùgbọ́n mo rí i tó tàn.” Èyí tí wọ́n gbé wá síwájú mi lọ́dún tó kọjá náà tàn. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n tú pákó ìdí àpótí rẹ̀: bátìrì méjì ló wà níbẹ̀, wáyà pupa kan sì gba ẹ̀yìn páìpù. N kò tíì fojú rí tiyín, nítorí náà n kò pe ẹnikẹ́ni ní gbájú-ẹ̀. Ẹ kàn ní kí wọ́n ṣí gbogbo àpótí sílẹ̀, kí wọ́n pa iná nẹ́pà, kí wọ́n so áyọ́ọ̀nù ìlọṣọ mọ́ ọn fún wákàtí mẹ́ta. Bí wọ́n bá kọ̀, kí wọ́n máa gbé e lọ.

Bó bá jẹ́ pé odò tó ń já láti òkè tẹ̀ẹ̀rùn-tòjò wà lórí ilẹ̀ yín, ọ̀rọ̀ yàtọ̀ nìyẹn, ẹ kọ̀wé sí mi padà. Bí kò bá sí, ẹ fi owó náà ra sólà, kí oníṣẹ́ tí ẹ mọ ilé rẹ̀ sì bá yín so ó.