Òyà Tó Jẹ Májèlé Kò Ṣeé Jẹ, Kò sì Ṣeé Tà

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, Dókítà. Oko àgbàdo àti ẹ̀gẹ́ mi wà lẹ́bàá Ìsẹ́yìn. Lóru ọjọ́ kan ṣoṣo, òyà gé poro àgbàdo mẹ́fà lulẹ̀. Ẹni tó ń ta oògùn oko fún mi ní oògùn kan tó rí bí iyanrìn aláwọ̀ àlùkò, ó ní kí n fi po ẹ̀gẹ́ tí mo gé wẹ́wẹ́. Ṣíbí mélòó ni kí n fi sí i? Bí a bá yọ ìfun òyà tó kú, tí a sì fi epo pupa sè é, ṣé ó ṣeé jẹ tàbí ṣeé tà? Ta ni yóò sì san owó ohun tó ti bàjẹ́?

Ìdáhùn: N kò ní sọ iye ṣíbí fún yín, nítorí kò sí iye tó tọ́. Bí ẹ ṣe júwe oògùn náà, ó jọ carbofuran, tí ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ mọ̀ sí Furadan. Nítorí kòkòrò tó ń ba irúgbìn jẹ́ ni wọ́n ṣe ṣe é. Ẹni tó tà á fún yín pé kí ẹ fi pa ẹran tí ènìyàn yóò jẹ ti ṣe yín ní ibi.

Ọ̀rọ̀ ìfun yìí ni mo fẹ́ dúró lé lórí, nítorí ó ti sú mi láti máa gbọ́ ọ. Àwọn ènìyàn gbà pé inú ìfun nìkan ni májèlé ń gbé, pé bí a bá ti yọ ọ́ dànù, ẹran ti mọ́. Bí ó bá jẹ́ pé inú ìfun ló dúró sí, òyà náà kì bá tí kú. Ohun tó pa á ni pé májèlé náà gba ara ìfun wọ inú ẹ̀jẹ̀, ẹ̀jẹ̀ sì gbé e dé ibi tí iṣan ti ń gba àṣẹ, títí tí ẹran náà kò fi lè mí mọ́. Ẹ̀jẹ̀ kan náà ló ń lọ sí ẹ̀dọ̀, sí kíndìnrín, àti sí itan tí ẹ fẹ́ gbé lọ sọ́jà. Epo pupa kì í pa oró rẹ̀. Òótọ́ ni pé iná máa ń ba díẹ̀ nínú rẹ̀ jẹ́, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè fi ojú wo ìkòkò tàbí ẹran yíyan kí ó mọ iye tó ṣẹ́ kù. Ní ọdún 2009, àjọ tó ń bójú tó àyíká ní Amẹ́ríkà fagi lé gbogbo ìwọ̀n carbofuran tí wọ́n ti ń fàyè gbà tẹ́lẹ̀ nínú oúnjẹ, bẹ́ẹ̀ ohun tó ṣẹ́ kù sára irè oko ni wọ́n ń wò nígbà náà, kì í ṣe ẹran tí a mọ̀ọ́mọ̀ fi májèlé bọ́.

Hóró kan ṣoṣo nínú oògùn náà lè pa ẹyẹ. Igún tó bá jẹ òkú òyà yẹn lè kú, ajá ọdẹ náà lè kú, ewúrẹ́ aládùúgbò tó bá sì jẹ ẹ̀gẹ́ yín lè sọ ẹ̀yin tí ẹ ń béèrè owó gbà-má-bìínú di ẹni tí a ń béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ má da oògùn náà sódò. Ẹ tì í mọ́ ibi tí ọwọ́ ọmọdé kò lè tó, kí ẹ sì ránṣẹ́ sí òṣìṣẹ́ ẹ̀ka iṣẹ́ àgbẹ̀.

Bí ẹnikẹ́ni bá ti jẹ nínú irú ẹran bẹ́ẹ̀, tí itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀, tí ó ń làágùn, tí ó ń bì, tí ara rẹ̀ ń gbọ̀n tàbí tí èémí rẹ̀ ń há, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀ pẹ̀lú ike oògùn náà. Ẹ má rọ epo sí i lẹ́nu. Ó lè gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró. Dókítà ẹranko ni mí, nítorí náà dókítà tó bá rí i ni ẹ ó gbọ́ràn sí lẹ́nu.

Ní ti oko yín, inú eésún ni òyà ń gbé, kò sì fẹ́ràn láti gba ibi gbalasa kọjá. Ẹ ro etí oko yíká ní ìwọ̀n mítà mẹ́ta, kí ẹ má sì jẹ́ kí koríko tún ga níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ọparun tàbí wáyà alájọ̀ọ̀ ṣe ọgbà, kí ẹ ri ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀ dáadáa, kí ẹ fi àlàfo díẹ̀ sílẹ̀ fún tàkúté. Ẹ máa yẹ tàkúté wò láràárọ̀, kí ẹ sì sọ fún gbogbo ẹni tó ń gba ibẹ̀ kọjá.

Ó ku ọ̀rọ̀ owó. Láti ọdún 2013 ni Kẹ́ńyà ti ní òfin tó ṣètò gbà-má-bìínú fún ẹni tí àwọn ẹranko igbó kan bá ba oko rẹ̀ jẹ́. A kò ní irú ètò bẹ́ẹ̀ fún òyà ní Nàìjíríà, nítorí náà ẹ má fún ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀ nítorí pé ó ní òun yóò bá yín gbà á lọ́wọ́ ìjọba. NAIC, ilé-iṣẹ́ adójútòfò iṣẹ́ àgbẹ̀ ti ìjọba àpapọ̀, ni kí ẹ lọ bá kí ẹ tó gbin ti ọdún tó ń bọ̀. Kí ẹ tó sanwó, ẹ ní kí wọ́n fi ibi tí ìwé àdéhùn ti dárúkọ ẹranko igbó hàn yín. Poro mẹ́fà tó ti lọ yìí kò lè sí nínú rẹ̀, nítorí adójútòfò kì í sanwó òfò tó ti ṣẹlẹ̀ kí a tó tọwọ́ bọ ìwé.