Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Irin Tó Ń Rún Bíi Gíláàsì

Ìbéèrè: Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Tiransífọ́mà ni mo ń wé. Èyí tí wọ́n gbé wá láìpẹ́, irin àárín rẹ̀ fẹ́lẹ́ gan-an, bí mo sì ṣe fọwọ́ kàn án ló ń rún. Ṣé ó ti bàjẹ́ ni? Ṣé mo lè fi iná yan án kó rọ̀, bí a ti ń ṣe fún kọ́pà? — *Oníwáyà, Ajílósùn, Adó-Èkìtì*

Ìdáhùn: Kò bàjẹ́, bó ti máa ń rí nìyẹn. Ẹ wọn ìnípọn ewé rẹ̀ kan. Bó bá jẹ́ nǹkan bíi mílímítà 0.025, irin-gíláàsì ni, tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní amorphous. Ti irin sílíkọ́nì tó wọ́pọ̀ máa ń tó 0.23 sí 0.35. Irin, sílíkọ́nì àti bórónì ni wọ́n yọ́ pọ̀ dà sórí àgbá kọ́pà tó ń yí kíkankíkan. Ooru rẹ̀ ń já wálẹ̀ ní ìwọ̀n bíi mílíọ̀nù dígírì láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, àwọn átọ̀mù kò sì ráyè tò kó tó dì.

Nígbà tó wà ní tuntun, ẹ lè ṣẹ́ ewé náà po kó má já. Ilé iṣẹ́ ló yan án lẹ́yìn tí wọ́n ká a tán, ní bíi dígírì 350 sí 400, kí agbára mágínẹ́ẹ̀tì lè máa yí nínú rẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́. Ṣùgbọ́n yíyan náà ló gba rírọ̀ rẹ̀ lọ: àwọn átọ̀mù sún mọ́ra, àyè kéékèèké àárín wọn dí, kò wá sí ibi tí wọn yóò yẹ̀ sí mọ́.

Nítorí náà, ẹ má yan án rárá. Títẹ̀ ló ń mú kọ́pà le, iná sì ń tú líle náà. Ti eléyìí, iná ló sọ ọ́ di ẹlẹgẹ́. Bó bá kọjá dígírì 500, àwọn átọ̀mù á wá tò, á di irin lásán tó ń jẹ iná.

Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ àti awò ojú. Ojú ìsopọ̀ nìkan ni kí ẹ ṣí, kí ẹ sì fi àmì sí bí ewé ṣe tẹ̀ léra níbẹ̀. Ẹ má fi òòlù kàn án, ẹ má sì di bóòtù mọ́ ọn pinpin: fífún un nìkan tó láti mú kí iná tó ń ṣòfò pọ̀ sí i. Ẹ fi aṣọ bo kọ́ọ̀lù, torí èérún tó bá bọ́ sínú ọ́ìlì tàbí sáàárín wáyà lè jẹ́ kó ṣọ́ọ̀tì. Tí ẹ bá tò ó tán, ẹ wọn iná tó ń fà nígbà tí kò gbé lóòdù. Bó bá ga ju ti tẹ́lẹ̀, ojú ìsopọ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò.

Ìbéèrè: Kí ló ń ṣẹlẹ̀ sí átọ̀mù irú irin yìí gan-an tí a bá tẹ̀ ẹ́? — *Olùkọ́ físíìsì, Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì*

Ìdáhùn: Nínú irin lásán, átọ̀mù tò ní ọ̀wọ́ ọ̀wọ́ bí ebè oko iṣu. Ọ̀wọ́ kan á máa yọ̀ lórí èkejì títí wọn yóò fi há mọ́ra; ojú ibẹ̀ á le, títẹ̀ náà á sì sún síwájú. Irin-gíláàsì kò ní ọ̀wọ́. Bí a bá fà á dé nǹkan bí ìdá 2 nínú 100 gígùn rẹ̀, á ṣì padà sípò, irin lásán kì í sì í tó bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, agbo átọ̀mù kékeré kan, bíi mélòó kan sí ọgọ́rùn-ún, á jùmọ̀ yẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ibẹ̀ á ṣófo díẹ̀ sí i, ibẹ̀ náà ni yóò sì rọrùn jù fún àwọn tó kàn láti yẹ̀. Gbogbo rẹ̀ á wá kó sójú ìlà kan, shear band, tí ìnípọn rẹ̀ jẹ́ bíi nánómítà 10 sí 20 (mílíọ̀nù kan nánómítà ló wà nínú mílímítà kan). Ìdí nìyẹn tó fi ń já lójijì tí a bá fà á.

Inú ìlà yẹn lọ̀rọ̀ wà. Ní 2011, àwọn onímọ̀ ní Münster, Jámánì, fi fàdákà onítànṣán, tí wọ́n lè fi tànṣán rẹ̀ tọpa ibi tó rìn dé, sára irin-gíláàsì pàládíọ̀mù, níkẹ́ẹ̀lì àti fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì tí wọ́n ti fipá tẹ̀. Wọ́n rí i pé átọ̀mù ń rìn nínú ìlà náà ní ìlọ́po tó lé ní mílíọ̀nù 100 ju ìyókù lọ. Bí a bá yan irin náà lẹ́yìn náà, láìjẹ́ kí ooru tó èyí tí yóò mú un rọ̀, àyè inú ìlà á tún máa dí.

Ìbéèrè: Ṣé alágbẹ̀dẹ lè fi èérún irin-gíláàsì yìí rọ ọkọ́? — *Ìjerò-Èkìtì*

Ìdáhùn: Rárá o. Kó tó pọ́n dáadáa nínú ìléru, ó ti kọjá dígírì 500, átọ̀mù rẹ̀ ti tò, bórónì inú rẹ̀ á sì jẹ́ kó máa fọ́ lábẹ́ òòlù.