Ẹ Bi Wá: Ìpín Ìlú Nínú Èrè Iṣẹ́ Iná Mànàmáná

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́. Ilé-iṣẹ́ kan fẹ́ ri òpó ẹ̀rọ tó ń fi afẹ́fẹ́ pèsè iná mànàmáná sórí ilẹ̀ oko wa, kí ó sì fa wáyà iná alágbára gba ẹ̀yìn ìlú kọjá. Wọ́n pe ìpàdé kan, wọ́n ṣèlérí pé àwọn yóò kọ́ gbọ̀ngàn fún wa, wọ́n sì ní kí àwọn àgbààgbà fọwọ́ síwèé kí oṣù yìí tó parí. Àwọn kan ní kí á tètè gbà kó má baà bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́, àwọn mìíràn ní kò tó. Kí ni ó yẹ kí á béèrè? (Akọ̀wé ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú)

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìrònú, Akọ̀wé. Ohun tí mo kọ́kọ́ fẹ́ rọ̀ yín sí ni pé kí ẹ ya owó gbà-má-bínú sọ́tọ̀ kúrò lára ìpín èrè, nítorí ibi tí a ti pa méjèèjì pọ̀ ni ìlú ti ń pàdánù jù. Owó gbà-má-bínú jẹ́ gbèsè tí ilé-iṣẹ́ náà jẹ ẹni tí wọ́n gba ilẹ̀ rẹ̀, tí wọ́n gé igi rẹ̀ tàbí tí wọ́n dí lọ́nà oko, iye rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ tó ohun tí onítọ̀hún pàdánù. Ìpín èrè ní tirẹ̀ jẹ́ ti gbogbo àwọn tí yóò máa gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ iṣẹ́ náà, ó sì yẹ kí ó máa wọlé ní gbogbo ọdún tí ẹ̀rọ bá fi ń pa owó. Gbọ̀ngàn tí wọ́n ṣèlérí kò lè dípò ti àkọ́kọ́, kò sì tó ti èkejì rárá, nítorí pé ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ lè ṣiṣẹ́ fún 20 ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, nígbà tí àtúnṣe gbọ̀ngàn yóò ti di ẹrù ẹ̀yin fúnra yín.

Kí ẹ lè mọ ohun tí àwọn ẹlòmíràn ń gbà, ìtọ́sọ́nà ìjọba Scotland dábàá £5,000 lọ́dọọdún lórí mẹ́gáwáàtì (ìwọ̀n agbára iná) kọ̀ọ̀kan tí ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ orí ilẹ̀ lè pèsè, kí iye náà sì máa gòkè bí ọjà bá ṣe ń wọ́n sí i. Bí iṣẹ́ kan bá jẹ́ mẹ́gáwáàtì 50, £250,000 ni yóò máa wọlé lọ́dún, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òfin kò fipá mú ẹnikẹ́ni. Nàìjíríà ní tirẹ̀ sọ ọ́ di òfin fún epo rọ̀bì ní ọdún 2021: ìdá 3 nínú 100 owó tí ilé-iṣẹ́ ná lórí iṣẹ́ rẹ̀ ní ọdún tó ṣáájú gbọ́dọ̀ wọ inú àpò ìdàgbàsókè àwọn ìlú tó gba iṣẹ́ náà lálejò. Ṣùgbọ́n òfin kan náà sọ pé bí ẹnikẹ́ni bá ba ohun èlò jẹ́ níbẹ̀, inú ìpín ìlú ni owó àtúnṣe yóò ti jáde. Ẹ wá irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ dáadáa nínú ìwé tí wọ́n gbé fún yín, nítorí òun ló ń ran aláìṣẹ̀ mọ́ ẹlẹ́ṣẹ̀.

Àwọn kan yóò fi ìpín okòwò, ìyẹn ìpín nínú iṣẹ́ náà tí ẹ óò fi owó yín rà, lọ̀ yín dípò owó ọdọọdún. Òfin tí Denmark ṣe ní ọdún 2008 pàṣẹ pé kí olókòwò kọ́kọ́ fi ó kéré tán ìdá 20 nínú 100 ìpín náà lọ àwọn tó ń gbé láàárín kìlómítà 4.5 sí ẹ̀rọ. Ó dára lójú, ṣùgbọ́n ẹni tó ní owó nílé nìkan ló lè rà á. Ní ọdún 2020, wọ́n fi ètò mìíràn rọ́pò rẹ̀, èyí tó fún àwọn tó ń gbé nítòsí ní owó lọ́dọọdún láì jẹ́ pé wọ́n dókòwò. Ní tèmi, bí wọn kò bá fún ìlú ní ìpín náà lọ́fẹ̀ẹ́, owó ọdọọdún ni kí ẹ dúró lé.

Ta ni a ń pè ní ará ìlú nínú ọ̀rọ̀ yìí? Ẹ yanjú èyí kí ẹ tó dárúkọ owó rárá. Kìlómítà 4.5 ni Denmark lò. Nínú ètò tí South Africa fi ń ra iná lọ́wọ́ àwọn ilé-iṣẹ́ aládàáni, ó gbòòrò dé kìlómítà 50. Ààlà tó kéré jù yóò fi abúlé tó ń gbọ́ ariwo ẹ̀rọ sílẹ̀, èyí tó fẹ̀ jù yóò sì sọ owó di ohun tí kò tó pín. Ẹ má sì gbàgbé àwọn tí wáyà yóò gba ilẹ̀ wọn kọjá láì sí òpó ẹ̀rọ kankan nítòsí wọn.

Ní ti ọjọ́ tí wọ́n dá fún yín, ẹ má ṣe jẹ́ kí ó dẹ́rù bà yín. Ìkéde tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ṣe ní ọdún 2007 lórí ẹ̀tọ́ àwọn ọmọ ìbílẹ̀ sọ irú ìfọwọ́sí tó tọ́: èyí tí a kò fipá gbà, tó ṣáájú iṣẹ́, tí ẹni tó fọwọ́ sí i sì mọ gbogbo ohun tó rọ̀ mọ́ ọn. Ìwọ̀n rere ni fún ìlú èyíkéyìí. Ní Kenya, nítòsí adágún Turkana, ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ 365 ti ń ṣiṣẹ́ kí ilé-ẹjọ́ tó dájọ́ ní ọdún 2021 pé ọ̀nà tí wọ́n gbà rí ìwé ilẹ̀ náà kò bá òfin mu. Nítorí náà, ẹ béèrè fún ìwé náà ní èdè tí gbogbo yín gbọ́, kí ẹ gbé e fún agbẹjọ́rò tí kì í ṣe ilé-iṣẹ́ náà ló ń sanwó fún un, kí àwọn obìnrin àti ọ̀dọ́ sì jókòó síbi tí wọ́n ti ń kà á. Kí ó hàn nínú rẹ̀ ẹni tí yóò pa owó mọ́, ẹni tí yóò yẹ ìṣirò wò lọ́dọọdún, àti ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí ilé-iṣẹ́ náà bá ta iṣẹ́ náà fún ẹlòmíràn.

ÌBÉÈRÈ: Ilẹ̀ tí mo yá ni mo fi ń dáko, wáyà iná yóò sì gba ibẹ̀ kọjá. Onílẹ̀ ní ọ̀rọ̀ náà kò kàn mí. Ṣé òótọ́ ni? (Àgbẹ̀ obìnrin kan)

ÌDÁHÙN: Ó kàn yín, ìyá wa. Owó ilẹ̀ jẹ́ ti onílẹ̀, ṣùgbọ́n ohun ọ̀gbìn yín àti iṣẹ́ òòjọ́ yín jẹ́ tiyín. Ìlànà IFC, ẹ̀ka Báńkì Àgbáyé tó ń yá àwọn ilé-iṣẹ́ aládàáni lówó, sọ pé ẹni tí kò ní ẹ̀tọ́ lórí ilẹ̀ pàápàá gbọ́dọ̀ gba gbà-má-bínú lórí ohun ìní rẹ̀ bí iṣẹ́ náà bá lé e kúrò. Ẹ ya fọ́tò oko yín báyìí, kí ẹ kọ iye igi àti ohun tó wà níbẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú ẹlẹ́rìí, kí ẹ tó lọ bá ẹgbẹ́ ìlú pé kí wọ́n kọ orúkọ yín mọ́ ti àwọn tí iṣẹ́ náà kàn. Kí ẹgbẹ́ sì béèrè lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ náà, ta ló yá wọn lówó. Bí ó bá jẹ́ IFC, ilé-iṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ ní ọ̀nà tí ará ìlú lè gbà fi ẹ̀sùn hàn, ẹ̀yin náà sì lè lò ó.