Mo ti ń lọ sí ọgbọ̀n ọdún: èwo ni kí n dojú kọ nínú mẹ́rin?

ÌBÉÈRÈ

Okun mà o. Ọmọ Ìyàrà ni mí, mo pé ọmọ ọdún 25 lóṣù tó kọjá. Mo gba HND nínú ìmọ̀ ọ̀gbìn, mo sì ṣe agùnbánirọ̀ tán ní ìpínlẹ̀ Nasarawa. Láti ìgbà tí mo ti padà délé ni bàbá mi ti ń sọ pé kí n dúró ti oko kajú àwọn, torí pé orúnkún wọn ò gbé wọn dóko bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Àwọn ọ̀rẹ́ mi wà ní Àbújá àti Èkó, ojoojúmọ́ ni mo ń rí fọ́tò wọn. Èmi náà ò kàn jókòó. Mo kọ́ forex, òwò owó ilẹ̀ òkèèrè, ó jẹ mí ní 70,000 náírà. Mo sin adìyẹ 50, 31 kú. Mo ra kámẹ́rà àlòkù, ìnáwó méjì ni mo ti fi yà, ti ẹbí ni méjèèjì. Mo sanwó ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, n kò tíì parí ẹ̀. Iṣẹ́ kan ṣoṣo tí mo rí ṣe ní Nasarawa ni pé ọ̀gbẹ́ni kan tó ń ra kajú ní kí n máa bá òun wọn ọjà, kí n sì máa kọ ìṣirò rẹ̀, ọ̀sẹ̀ méjì péré, ó fún mi ní 20,000. 260,000 náírà ló kù sí mi lọ́wọ́. Ẹ jọ̀ọ́ mà, èwo ni kí n dojú kọ nínú mẹ́rin yìí? Mi ò fẹ́ pé ọgbọ̀n ọdún lọ́wọ́ òfo.

ÌDÁHÙN

Okun o, ọmọ mi. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ka lẹ́tà rẹ. Lẹ́ẹ̀kejì ni mo tó rí i pé o ti fọwọ́ ara rẹ kọ ìdáhùn síbẹ̀, o wá fi í há àárín "iṣẹ́ kan ṣoṣo" àti "ọ̀sẹ̀ méjì péré". A ó padà síbẹ̀.

Ká kọ́kọ́ mú ẹ̀rù ọgbọ̀n ọdún kúrò lọ́nà. Ó lé ní ogún ọdún tí mo fi ṣe olùdámọ̀ràn nílé ẹ̀kọ́ girama lágbègbè wa yìí kí n tó wá fìdí kalẹ̀ sí Kàbà, n kò sì tíì rí ọmọ ọdún 25 tí kò rò pé ilẹ̀ ti ṣú mọ́ òun. Òfin iṣẹ́ ọba ní kí òṣìṣẹ́ fẹ̀yìn tì nígbà tó bá pé ọmọ ọdún 60 tàbí nígbà tó bá lo ọdún 35 lẹ́nu iṣẹ́, èyí tó bá kọ́kọ́ dé. (Àwọn olùkọ́ ni òfin ọdún 2022 sún tiwọn sí 65 àti 40. Ó pẹ́ kó tó dé, ó dùn mí.) Ẹni tó bá wọṣẹ́ ọba lónìí ní ọmọ ọdún 25, ọdún kan náà ni méjèèjì máa bá a. Ìyẹn ni pé lójú ìjọba pàápàá, ìbẹ̀rẹ̀ lo wà. Òótọ́ ni pé àwọn báńkì kan máa ń kọ ọ́ sínú ìpolówó iṣẹ́ wọn pé ẹni tó bá ti ju ọdún 26 lọ kó má wulẹ̀ kọ̀wé. Bó bá jẹ́ báńkì lo fẹ́, tètè kọ̀wé sí wọn lọ́sẹ̀ yìí. Ṣùgbọ́n n kò rí báńkì kankan nínú lẹ́tà rẹ.

Onímọ̀ kan wà ní Amẹ́ríkà, Jeffrey Arnett lorúkọ rẹ̀. Lọ́dún 2000 ló kọ ọ́ pé ọjọ́ orí 18 sí 25 jẹ́ ìgbà kan lọ́tọ̀ láyé èèyàn: kì í ṣe ọmọdé mọ́, kò sì tíì ka ara rẹ̀ sí àgbà, ńṣe ló ń tọ́ iṣẹ́, ìfẹ́ àti èrò wò. Mo gbà fún un dé àyè kan. Ní ìlú tirẹ̀, wọ́n lè tọ́ ọ wò pẹ́. Níbí, ẹni tí orúnkún bàbá rẹ̀ ń dun bàbá kò lè máa tọ́ ọbẹ̀ wò títí ọbẹ̀ á fi tán nínú ìkòkò.

Ọ̀rọ̀ fọ́tò àwọn ọ̀rẹ́ rẹ. Ọdún tó kọjá, ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti Ìsánlú wá jókòó níwájú mi, ó ní òun ò ráyè kọ́ṣẹ́ kankan rárá. Mo ní kó bá mi ṣí ibi tí fóònù rẹ̀ ti máa ń ka wákàtí tó ń lò lórí rẹ̀. Kò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀, èmi ni mo fi hàn án. Wákàtí 6 àti ìṣẹ́jú 40 lójúmọ́. Mo ní kó sọ ọ́ di ọjọ́ méje. Ó ṣí ẹ̀rọ ìṣirò inú fóònù kan náà, ó tẹ̀ ẹ́, ó tún un tẹ̀: wákàtí 46 àti ìṣẹ́jú 40. Òṣìṣẹ́ tó ń lọ síbi iṣẹ́ láti aago mẹ́jọ sí aago mẹ́rin, ọjọ́ márùn-ún, 40 ni tirẹ̀ lọ́sẹ̀. Ọmọ náà dojú fóònù délẹ̀ lórí tábìlì, ó ní, "Mà, iṣẹ́ náà ni mo máa ń fi ṣe nígbà míì o." Mo ní kó ṣí i padà ká jọ wò ó. TikTok gba wákàtí 3 àti ìṣẹ́jú 10. WhatsApp lé ní wákàtí 2. Ibi tó ń pè ní iṣẹ́ gba ìṣẹ́jú 25. A jọ rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín rẹ̀ kò dénú.

N kò ní kó ju fóònù nù, torí òun náà ni mo fi ń gba lẹ́tà yín. Mo ní kó yọ wákàtí kan péré nínú rẹ̀, kó jẹ́ láàárọ̀ kó tó tan dátà. Lọ ṣí tìrẹ náà wò kí o tó ka ibi tó kù. Bó o bá ń wo fọ́tò ọ̀rẹ́ rẹ ní Àbújá, rántí pé kò ya owó ilé mọ́ ọn.

Ó yá, ká bọ́ sórí mẹ́rin tó o kà sílẹ̀. Ìbéèrè kan ni mo máa ń bi gbogbo ẹni tó bá wá bá mi pẹ̀lú irú ẹrù báyìí: ta ló ti sanwó fún ọ rí, tí kì í ṣe ẹbí rẹ, tí kò sì ṣàánú rẹ? Forex, ìwọ lo sanwó. Adìyẹ, ìwọ lo sanwó, adìyẹ sì kú. Ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà, ìwọ náà ni. Kámẹ́rà, ẹbí rẹ ló ní kó o wá yà wọ́n, mo mọ bí ìyẹn ṣe máa ń rí. Ó wá ku ọ̀gbẹ́ni Nasarawa. Àjèjì ni, èdè yín lè má pa pọ̀ pàápàá, ó fi òṣùwọ̀n rẹ̀ àti ìwé owó rẹ̀ lé ọ lọ́wọ́. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ parí, ó ní kó o wá lọ́sẹ̀ kejì. Oníṣòwò kajú kì í ṣe sàárà lásìkò kajú. Iṣẹ́ karùn-ún yìí, tó ò kà mọ́ mẹ́rin, ni mo fẹ́ kó o gbájú mọ́ fún ọdún kan gbáko.

Kí n tó lọ síwájú, n óò bá ọ wí díẹ̀. O kọ iye adìyẹ tó kú, o ò kọ ohun tó pa wọ́n. Ìwọ tó o kẹ́kọ̀ọ́ ọ̀gbìn! Ṣé wọn ò gba àjẹsára ni? Ṣé òtútù ni? Ṣé oúnjẹ ló bu? 31 nínú 50 kì í kú láìnídìí. Ohun tí mo ń rí lára ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ni pé iṣẹ́ ò sú wọn níbi tó ti burú, ibi tó ti ń kọ́ wọn ní nǹkan gan-an ni wọ́n ti ń sá. Wọ́n á wá ní iṣẹ́ méje tí wọ́n mọ ìdá kan nínú mẹ́rin ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àṣìṣe tó o ṣe ní 25 kò wọ́n, 70,000 náírà ni. Àṣìṣe kan náà ní 45, ilé lo máa fi san án. Ṣùgbọ́n kí àṣìṣe tó lè dín owó kù fún ọ lọ́la, o ní láti mọ orúkọ rẹ̀.

Kajú. O mọ̀ ju èmi lọ pé nílẹ̀ wa, láti nǹkan bí oṣù Kejì dé oṣù Karùn-ún ló máa ń jábọ́. Ohun tí ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ wa ò fẹ́ fetí sí ni ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tó bá jábọ́. Bàbá rẹ àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ń tà ní mùdù, ẹni tó ń rà á sì ń wọ̀n ọ́n lọ́nà míì. Ó máa wọn kílò kan, ó máa ka iye hóró tó wà nínú rẹ̀, torí bí iye bá ṣe kéré tó ni hóró ṣe tóbi tó. Lẹ́yìn náà ó máa la ọ̀kọ̀ọ̀kan sí méjì, ó máa yà wọ́n sọ́tọ̀: èyí tó funfun tó kún, èyí tó ní àmì, èyí tí kò gbó, èyí tó ṣófo, èyí tó ti jẹrà. Èyí tó dáa nínú rẹ̀ ló ń wọ̀n, ibẹ̀ ni iye owó ti ń jáde. Àgbẹ̀ tó ká a lórí igi kó tó jábọ́, àìgbó ló kó wá. Ẹni tí kò sá a sóòrùn tó ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, tó rọ ọ́ tútù sínú àpò ọ̀rá dípò àpò ìdọ̀họ, ó ń gbin ìjẹrà ni. Oníbàárà rí gbogbo rẹ̀, ó dákẹ́, ó sì gé owó.

Ìwọ ti rí i bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Mélòó nínú àwọn ọ̀dọ́ Ìyàrà ló lè jókòó ti òṣùwọ̀n kó sì sọ fún bàbá rẹ̀ pé, "Bàbá, nínú kílò kan yín, hóró báyìí ló wà níbẹ̀, báyìí ló bàjẹ́, ohun tó fà á nìyí"? Bí o bá ṣe é fún oko bàbá rẹ àti fún aládùúgbò mẹ́wàá lásìkò kan, tó o kọ ọ́ sínú ìwé pẹ̀lú ọjọ́ rẹ̀, o ti ní ohun tó o lè gbé síwájú ẹni tó ń ra ọjà ní Kàbà tàbí Lọ́kọ́jà, tàbí síwájú ilé iṣẹ́ èyíkéyìí tó ń ṣòwò nǹkan oko. HND kò lè ṣe ìyẹn fún ọ, gbogbo ẹgbẹ́ rẹ ló ní HND.

Ní ti bàbá rẹ, má lọ sọ pé o fẹ́ "gba oko". Jẹ́ kí wọ́n jẹun alẹ́ tán, dọ̀bálẹ̀, kó o ní o fẹ́ sìn wọ́n fún àsìkò kajú kan gbáko, àmọ́ kí wọ́n fi igi kajú 20 lé ọ lọ́wọ́ láti máa tọ́jú bó o ṣe kọ́ ọ níwèé, kí owó rẹ̀ sì jẹ́ tìrẹ. Kò ní ṣàjèjì sí wọn. Láyé àtijọ́, ọmọ tó ń bá bàbá rẹ̀ roko a máa ní ilẹ̀ kékeré tirẹ̀ tó ń lọ ro lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́. Bí wọ́n bá kọ̀, bẹ ẹ̀gbọ́n wọn. Bí ọdún bá yípo tó o sì fẹ́ lọ sí Àbújá, o ò ní bá wọn jà lọ, o máa ti fi nǹkan sílẹ̀. Èmi kì í sọ fún ẹnikẹ́ni pé kó má kúrò nílé, ọmọ tèmi méjì ò sí nílé.

Owó kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ra òṣùwọ̀n tó dára, ọ̀bẹ, ìwé àti bírò. Yọ 100,000 sọ́tọ̀ fún àìsàn àti owó ọkọ̀, má fọwọ́ kàn án. Bí ìyókù bá ń yún ọ lọ́wọ́, ìjọba àpapọ̀ ní ètò kan tí èèyàn fi ń yá ìjọba lówó, tí wọ́n ń pè ní FGN Savings Bond, 5,000 náírà lo lè fi wọlé, ọdún méjì tàbí mẹ́ta ni, oṣù mẹ́ta mẹ́ta ni wọ́n ń san èlé. Alájọ náà dáa, ó kàn jẹ́ pé owó ọjọ́ kan lóṣù kan ni tiwọn: bó o bá ń dá 500 lójúmọ́, 6,000 lo san fún un lọ́dún kó lè bá ọ pa á mọ́. Bí ọwọ́ rẹ bá ń jò, 6,000 yẹn kò wọ́n. Kámẹ́rà, má tà á. Fi ya kajú tó o là.

Ó wá ku ohun tí mo fẹ́ kó o ṣe kó tó di ọ̀la. Ṣé o ṣì ní nọ́ńbà ọ̀gbẹ́ni Nasarawa? Lọ́dún 1973, Mark Granovetter tẹ ìwádìí kan jáde nípa bí àwọn òṣìṣẹ́ ní Newton, lẹ́bàá Boston, ṣe ríṣẹ́. Nínú àwọn tó gba ọ̀dọ̀ èèyàn ríṣẹ́, bíi 17 péré nínú 100 ló gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tí wọ́n ń rí déédéé. Àwọn yòókù gbọ́ ọ lẹ́nu ojúlùmọ̀ tí wọ́n ń rí lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan tàbí tí wọn kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ rí. Ìdí rẹ̀ kò le: ohun tí ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́ rẹ mọ̀, ìwọ náà ti mọ̀ ọ́n. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ tó ń fi fọ́tò ránṣẹ́ ò mọ ẹni tó ń wá òǹwọ̀n kajú. Ọ̀gbẹ́ni yẹn mọ̀ ọ́n, àti onílé rẹ níbi tó o ti sìnlú, àti àwọn tẹ́ ẹ jọ wà ní àgọ́ agùnbánirọ̀. Pè é, kí i dáadáa, bi í léèrè ìdílé, kó o sọ fún un pé o fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í wọn ọjà ní Ìyàrà, kí ló rò pé ó yẹ kó o kọ́kọ́ mọ̀? Má tọrọ owó lọ́wọ́ rẹ̀.

Lópin oṣù Karùn-ún, kọ̀wé sí mi padà. Hóró mélòó ló wà nínú kílò kan ti bàbá rẹ, mélòó ló dáa nínú rẹ̀, ta ló rà á, èló ló rà á. Tó o bá sì tún fẹ́ mẹ́nu ba adìyẹ, ohun tó pa wọ́n ni kó o kọ́kọ́ sọ fún mi.