Èémí akọrin àti afọnfèrè: ṣé ọ̀nà kan náà la fi ń kọ́ wọn?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Èmi ni mò ń darí ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Ìgbógbó, ní Ìkòròdú. Àwọn ọ̀dọ́ kan tún wà tí wọ́n ń fọn trumpet àti saxophone. Mo máa ń sọ fún gbogbo wọn pé kí wọ́n "mí sí ikùn", síbẹ̀ èjìká ni wọ́n ń gbé sókè, èémí á sì tán kí ìlà orin tó parí. Òòyì tún máa ń kọ́ ọ̀kan nínú àwọn tó ń fọn trumpet. Ṣé kí n yà wọ́n sọ́tọ̀ ni?

ÌDÁHÙN: Ẹ kú làálàá. Ẹ jẹ́ kí wọ́n jọ kọ́ bí a ṣe ń fa èémí sínú. Bí a ṣe ń ná an ni kí ẹ yà sọ́tọ̀. Ìná rẹ̀ yìí gan-an ló ká mi lára, nítorí ọ̀pọ̀ akọrin tó ń sọ pé èémí òun ò tó, ó tó. Ọ̀rọ̀ méjì àkọ́kọ́ ló ti ná an tán.

Ẹ fi "mí sí ikùn" sílẹ̀ ná. Afẹ́fẹ́ kì í dé ikùn, ẹ̀dọ̀fóró ló ń lọ. Iṣan pẹrẹsẹ kan ló pààlà àyà àti ikùn. Tí a bá ń mí sínú, iṣan yìí á sọ̀ kalẹ̀, ìhà á ṣí, àyè á gbòòrò, afẹ́fẹ́ á sì wọlé fúnra rẹ̀ bí ìgbà tí alágbẹ̀dẹ bá ṣí ẹwìrì. Ìfun tí iṣan náà tẹ̀ mọ́lẹ̀ ló ń mú kí ikùn yọ. Ọmọ tí kò bá mọ èyí á kàn máa ti ikùn síta lásán ni.

Ẹ ní kí wọ́n jókòó sétí àga, kí wọ́n tẹ̀ síwájú, kí wọ́n fi ìgbọ̀nwọ́ lé orúnkún, kí wọ́n wá mí sínú jẹ́ẹ́. Èjìká ò ní ríbi gbéra, wọ́n á sì mọ̀ ọ́n lára pé ìhà àti ẹ̀yìn ń ṣí. Lẹ́yìn náà kí wọ́n ṣe é lórí ìdúró.

Ó kan ìná. Kí wọ́n máa tú èémí síta pẹ̀lú "sssss" tó dọ́gba láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, kí ìhà má sì tètè wó. Ìdọ́gba ni kí ẹ fetí sí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n máa díje ẹni tó pẹ́ jù, ọ̀fun ni wọ́n á fún pọ̀.

Ibí ni ọ̀nà ti pín. Tán-án-ná, ìyẹn awẹ́ méjì tó ń gbọ̀n nínú gògóńgò tí a bá ń kọrin, ló ń dá èémí akọrin dúró kó má baà tú jáde lẹ́ẹ̀kan. Tí akọrin bá ti èémí jù, ohùn á le, ọ̀fun á máa dùn ún. Díẹ̀díẹ̀ ni kó máa fi sílẹ̀. Ètè ló ń gbọ̀n nínú trumpet, reed, ìyẹn pẹlẹbẹ tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà lẹ́nu fèrè, ló sì ń gbọ̀n nínú saxophone, nítorí náà gbogbo ọ̀fun afọnfèrè gbọ́dọ̀ ṣí sílẹ̀. Ohùn òkè lórí trumpet ń fẹ́ agbára tó pọ̀ lẹ́yìn afẹ́fẹ́ kékeré. Ohùn ìsàlẹ̀ ló ń jẹ afẹ́fẹ́.

Ti ọmọ tí òòyì ń kọ́ yẹn, nǹkan méjì ló sábà máa ń fà á: kó máa mí kíkankíkan léraléra, tàbí kó dí ọ̀fun pa nígbà tó ń wá ohùn òkè, tí ẹ̀jẹ̀ tó ń padà sọ́kàn á sì dínkù. Kó gbé fèrè sílẹ̀, kó jókòó, kó máa mí bó ṣe máa ń mí nígbà tí kò fọn fèrè. Tó bá ń ṣe é nígbà tí kò fọn nǹkan kan, dókítà ni kẹ́ ẹ mú un lọ bá. Ẹni tó bá ní ikọ́ fée, kí inhaler rẹ̀ wà nítòsí.

Nínú orin lílé àti ègbè, ẹni tó ń lé máa ń sinmi nígbà tí àwọn tó kù bá ń gbè. Hymn ò fúnni láyè bẹ́ẹ̀. Ẹ fi pẹ́ńsù sàmì síbi tí gbólóhùn ti dánu dúró, kí ẹnikẹ́ni má gé ọ̀rọ̀ sí méjì. Níbi tí ìlà bá gùn, kí ẹni méjì tó dúró tira má ṣe mí lẹ́ẹ̀kan náà.