Ẹ BI Ẹ̀GBỌ́N: Ṣé òkè máa ń ní àwọ̀ elése àlùkò ni?

*Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀rẹ́ ọkọ mi kan tó ti Swítsàlandì dé ló gbé àwòrán ńlá kan wá fún wa, ó ní abúlé kan láàárín àwọn òkè ibẹ̀ ni, ìgbà ooru ni wọ́n yà á. Ẹ ò rí i! Òkè elése àlùkò, koríko tó ń yẹ́lò, ilé píǹkì tó wọ́ sápá kan, ọ̀dà yẹn wá nípọn débi pé ojú ẹ̀ rí gbágungbàgun. Ọkọ mi ní ọmọ iléèwé ló yà á, àwọn ò fẹ́ rí i ní pálọ̀. Wọ́n tún ní tó bá jẹ́ ìgbà ooru lóòótọ́, kí ni yìnyín ń ṣe lórí òkè? Ṣé mo sì lè fi omi ọṣẹ nu eruku ara ẹ̀? Ìyá Ìbejì, Òkè-Fíà, Òṣogbo.*

Ìyá Ìbejì, ẹ kú oríire àwòrán o. Ẹ bá mi bẹ Bàbá Ìbejì kí wọ́n fara balẹ̀ ná, torí ẹni tó ya nǹkan yìí mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni.

Ti yìnyín ló rọrùn jù. Àwọn òkè tí wọ́n ń pè ní Alps yẹn, tó gba Faransé, Swítsàlandì, Ítálì, Jámánì àti Austríà kọjá, ga kọjá sísọ, Mont Blanc nìkan lé ní 4,800 mítà, òtútù orí wọn kì í jẹ́ kí yìnyín yọ́ tán, ì báà jẹ́ inú oṣù keje. Ìsàlẹ̀ ni ooru wà. Nǹkan bí oṣù kẹfà làwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ máa ń da màálù gòkè lọ jẹko, bí àwọn Fúlàní wa ṣe máa ń tẹ̀lé koríko, tó bá di oṣù kẹsàn-án wọ́n á dà wọ́n sọ̀ kalẹ̀, àwọn tó kù nílé á máa gé koríko, wọ́n á sá a kó gbẹ, òun ni màálù máa jẹ tí òtútù bá dé. Ẹ lọ wo ibi tó yẹ́lò nínú àwòrán yín dáadáa, ó lè jẹ́ koríko sísá ni.

Ọ̀rọ̀ àwọ̀ ló dùn mọ́ mi. Òkè yẹn máa ń ṣe píǹkì lóòótọ́! Tí oòrùn bá ń wọ̀, àfonífojì á ti ṣú, orí òkè nìkan ni ìmọ́lẹ̀ máa kù sí, á pọ́n, á ṣe píǹkì, kó tó wá di elése àlùkò, kò sì ní pẹ́ tí gbogbo ẹ̀ fi máa lọ. Èyí tó bá jìnnà á máa ṣe búlúù lójú ẹni, torí afẹ́fẹ́ tó wà láàárín. Ayàwòrán wá mú ohun tó rí fún ìṣẹ́jú díẹ̀ yẹn, ó bù kún un, ó fi kun gbogbo òkè láti òkè délẹ̀. Ó kúkú mọ àwọ̀ tí koríko ní, ohun tó ṣe é lára nígbà tó dúró síbẹ̀ ló ń kùn.

Ẹni tí wọ́n mọ̀ jù nídìí irú àwòrán báyìí ni Ernst Ludwig Kirchner, ọmọ Jámánì, òun àtàwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ ló dá Die Brücke, ẹgbẹ́ àwọn ayàwòrán, sílẹ̀ ní Dresden ní Jámánì ní 1905. Iṣẹ́ sójà nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní dà á lọ́pọlọ rú, ló bá gba Davos lọ ní 1917, ìlú kan ní Swítsàlandì tó ga tó 1,560 mítà, tí àwọn oníkọ́ ẹ̀gbẹ máa ń lọ gba atẹ́gùn nígbà yẹn. Agbègbè ibẹ̀ ló jókòó sí títí ó fi kú, ó ń ya àgbẹ̀, màálù, igi, ilé onípákó. Ní 1925 ó ya Davos nígbà ooru, àwòrán yẹn wà ní mùsíọ́mù tí wọ́n fi sọrí ẹ̀ níbẹ̀. Ẹ sì wá gbọ́ o, ilé tí ẹ ní ó wọ́ yẹn, irú ẹ̀ wà: ṣọ́ọ̀ṣì St. Johann ní Davos, ṣóńṣó orí ẹ̀ lọ́ lóòótọ́, pákó tí wọ́n fi ṣe é ló yí. Ní 1937 àwọn èèyàn Hitler kó iṣẹ́ Kirchner tó lé ní 600 kúrò nínú àwọn mùsíọ́mù Jámánì, wọ́n ní ìdọ̀tí ni, nígbà tó di 1938 ó pa ara ẹ̀. (Mi ò fi Bàbá Ìbejì wé Hitler o, ẹ má bínú.)

Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé ará Òṣogbo ló ń bi mí. Àdùnní Olórìṣà, Susanne Wenger, ṣebí Graz ní Austríà ni wọ́n bí i sí kó tó wá di tiwa, ta ló bi í pé kí ló dé tí ojú àwọn ère inú igbó Ọ̀ṣun fi rí bẹ́ẹ̀? Àwọn Rufus Ògúndélé, Muraina Oyelami àti Twins Seven Seven tí wọ́n kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ Georgina Beier ní Mbari Mbayo, ẹgbẹ́ oníṣẹ́ ọnà Òṣogbo, ní 1964, ṣé bí fọ́tò ni wọ́n ṣe ń ya èèyàn ni? Ẹ gbé e kọ́ sí pálọ̀ jàre.

Omi ọṣẹ kẹ̀? Rárá o! Búrọ́ọ̀ṣì tó rọ̀, tó gbẹ, ni kí ẹ fi gbá eruku ẹ̀ jẹ́jẹ́. Ẹ má gbé e síbi tí oòrùn ti ń ta sí i, ẹ má sì gbé e kọ́ sára ògiri tí òjò máa ń rin.

*Ẹ̀gbọ́n mi, mo fi ọ̀dà olóróró ya òkè kan, ó ti lé lóṣù kan, ó ṣì ń lẹ̀ mọ́ọ̀yàn lọ́wọ́. Ṣé kí n gbé e súnmọ́ iná ni? Àbúrò yín, Ayétòrò.*

Àbúrò, má dán an wò, á hunjọ ni. Ọ̀dà yẹn kì í gbẹ bí omi, òróró linseed inú ẹ̀ ló ń fa afẹ́fẹ́ mọ́ra tó fi ń le, èyí tó bá fẹ́lẹ́ lè gbẹ láàárín ọjọ́ díẹ̀, èyí tó bá nípọn á gba oṣù, funfun sì máa ń pẹ́ ju búráùn lọ. Gbé e síbi tí ìmọ́lẹ̀ àti atẹ́gùn wà. Nígbà mìíì, ìpele ìsàlẹ̀ ni kí òróró ẹ̀ kéré, ti òkè ni kó pọ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ á sán. Fáníìṣì tí wọ́n ń fi bo ojú àwòrán, ó di oṣù mẹ́fà sí ọdún kan kó o tó fi kùn ún. Àmọ́ tó bá jẹ́ òróró ẹ̀pà lo fi pò ó torí pé linseed wọ́n, ìyẹn ò ní gbẹ láéláé, yáa ha á kúrò kó o tún un yà.