Dékódà kan, yàrá méjì: báwo ni bàbá ṣe máa rí i wò láti yàrá wọn?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Kétu, ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ níbí, ni mo wà. Inú pálọ̀ ni dékódà wa wà, ṣùgbọ́n bàbá wa ti dàgbà, ẹsẹ̀ ń dùn wọ́n, wọn kì í sì í fẹ́ jáde ní yàrá mọ́ bí ilẹ̀ bá ti ṣú. Yàrá wọn wà ní òdìkejì àgbàlá, ó tó mítà 18 sí pálọ̀. Ilé alámọ̀ ni, ògiri rẹ̀ sì nípọn. Tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ onídìí gbọọrọ kan wà níbẹ̀ tó ṣì ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Ẹnì kan ní kí n la wáyà díìṣì sí méjì, ẹlòmíì ní kí n lọ ra ẹ̀rọ tó ń pín HDMI, ìyẹn wáyà tó ń gbé àwòrán àti ohùn láti dékódà lọ sí tẹlifíṣọ̀n pẹlẹbẹ. Agbára mi ò ká owó oṣù méjì. Èwo ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú bàbá o. Ọlọ́run á jẹ́ kí wọ́n pẹ́ fún yín.

Kí a tó dé orí wáyà, ẹ fi èyí sọ́kàn: dékódà kan, ìkànnì kan ni. Ohun tí wọ́n bá ń wò ní pálọ̀ náà ni bàbá máa rí ní yàrá. Bí àwọn ọmọ bá yí i sí bọ́ọ̀lù nígbà tí bàbá ń gbọ́ ìròyìn, bọ́ọ̀lù dé bá àwọn náà nìyẹn. Kò sí ẹ̀rọ tó ń pín nǹkan tó lè yí ìyẹn padà. Bí ẹ bá fẹ́ kí kálukú máa wo tirẹ̀, dékódà kejì ló kù, kí ẹ sì kọ́kọ́ bi iléeṣẹ́ tí ẹ ń sanwó fún bóyá wọ́n ní ètò dékódà kejì fún ilé kan náà. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti lè fẹnu kò nílé lórí ohun tí ẹ máa wò lálẹ́, ọ̀kan tó wà nílẹ̀ yẹn tó yín.

Ẹ má la wáyà díìṣì. Ohun tó ń gba inú wáyà yẹn bọ̀ kì í ṣe àwòrán tí tẹlifíṣọ̀n lè kà. Dékódà nìkan ló lè tú u. Bí ẹ bá tiẹ̀ wá ní dékódà kejì lọ́jọ́ iwájú, lílà á sí méjì kò ní gbè yín, torí pé wáyà yẹn kan náà ni dékódà fi ń pàṣẹ fún LNB, ìyẹn orí tó wà níwájú díìṣì. Bó bá fi iná fóòtì (volt) 13 ránṣẹ́, LNB á gbé apá kan nínú àwọn ìkànnì wá. Bó bá fi 18 ránṣẹ́, á gbé apá kejì. Dékódà méjì lórí LNB kan ṣoṣo, ọ̀kan ń sọ pé 13, èkejì ń sọ pé 18: ìdajì ìkànnì á ti pòórá lójú ẹnì kan. LNB ẹlẹ́nu méjì ni a máa ń rà fún irú ìyẹn, kí wáyà ti ẹnu kọ̀ọ̀kan lọ sí dékódà tirẹ̀.

Ẹ̀rọ tó ń pín HDMI ńkọ́? Ó dára fún tẹlifíṣọ̀n pẹlẹbẹ méjì tí kò jìnnà síra wọn. Tẹlifíṣọ̀n bàbá kò ní ihò HDMI rárá. Pẹ̀lú ìyẹn, wáyà HDMI lásán sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í dá wàhálà sílẹ̀ bó bá ti kọjá bíi mítà 10 sí 15. Owó yín á kàn ṣòfò ni.

Ẹ yí ẹ̀yìn dékódà síta kí ẹ wò ó. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò HDMI tí pálọ̀ ń lò, ẹ máa rí ihò mẹ́ta, yẹ́lò, funfun àti pupa, tàbí ihò kékeré kan tí wọ́n kọ AV sí lára. Lára ọ̀pọ̀ dékódà, HDMI àti AV máa ń ṣiṣẹ́ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ihò tí ẹnikẹ́ni kò lò yẹn ni ti bàbá.

Àmọ́ ẹ má fi wáyà AV tẹ́ẹ́rẹ́ ọjà fa gbogbo ọ̀nà yẹn. Mítà 18 tí ẹ sọ, ojú lẹ fi wọ̀n ọ́n. Ẹ fi okùn tẹ̀lé ara ògiri, kí ó yípo ẹnu ọ̀nà, kí ó gun òkè kí ó tún sọ̀ kalẹ̀. Ó lè lé ní 25. Níbi tó gùn tó bẹ́ẹ̀, wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ á mú kí àwòrán ṣá, ohùn á sì máa kùn. Èmi á ní kí ẹ ra modulator, àpótí kékeré kan tó ń gba AV, tó sì ń sọ ọ́ di ìkànnì tí tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ lè wá fúnra rẹ̀. Wáyà irú ti díìṣì, RG6 ti óòmù 75, ló máa ti ibẹ̀ lọ sí ihò áńtẹ́nà tẹlifíṣọ̀n bàbá. Ẹ yan ìkànnì tí iléeṣẹ́ kankan kò lò ládùúgbò yín, kí ẹ wá ní kí tẹlifíṣọ̀n wá a. Bí àwòrán bá mọ́ ṣùgbọ́n tí ohùn ń ya ṣáá, ẹ má dààmú: ẹ wá ibi tí wọ́n ti ń yan irú ohùn lára modulator, tí wọ́n kọ B/G, D/K àti I sí, kí ẹ máa yí i títí ohùn á fi mọ́.

Ìdí wáyà ni iṣẹ́ yìí ti máa ń bà jẹ́ jù. Bí ẹ bá bó èèpo òde, ẹ máa bá àwọ̀n wáyà wẹ́wẹ́ pàdé. Ẹ ká gbogbo rẹ̀ sẹ́yìn dáadáa kí ẹ tó bó funfun inú rẹ̀ dé orí bàbà tó wà láàárín. Bí ẹyọ kan péré nínú àwọn wẹ́wẹ́ yẹn bá kan bàbà àárín, kò ní sí àwòrán. Ẹ fọwọ́ kàn án, ẹ wò ó síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, kí ẹ tó yí orí rẹ̀ mọ́ ọn.

Ẹ̀rọ aláìlówáyà wà lọ́jà o, ṣùgbọ́n n kò fẹ́ràn rẹ̀ fún ilé alámọ̀. Ògiri tó nípọn bẹ́ẹ̀ máa ń gbé agbára rẹ̀ mì. Ẹ kúkú lu ihò kan, kí ẹ ti ọ̀pá rọ́bà bọ̀ ọ́, kí ó da gẹ̀rẹ́ síta díẹ̀ kí omi òjò má bàa wọlé. Wáyà tó máa la àgbàlá kọjá, ẹ rì í mọ́lẹ̀ nínú ọ̀pá nítorí ewúrẹ́ àti ọkọ́, kí ó má sì bá wáyà iná gba inú ọ̀pá kan náà.

Rìmóòtù ló kù. Ìmọ́lẹ̀ tí kò hàn sójú ló ń lò, kò sì lè la ògiri kọjá. Ẹ̀rọ oníméjì kan wà: ọ̀kan á wà lọ́dọ̀ bàbá, á gba àṣẹ rìmóòtù, á sì fi rédíò ránṣẹ́ sí èkejì tó kọjú sí dékódà. Ẹ tún ra rìmóòtù kejì tó bá dékódà yín mu, kí bàbá má máa ránṣẹ́ wá sí pálọ̀ nígbà gbogbo.

Bí ẹ bá ra àwọn ẹ̀rọ yìí láti Nàìjíríà, onírin pẹlẹbẹ mẹ́ta ni ẹnu iná wọn, pirísì tiwa níbí sì jẹ́ oníhò róbótó méjì. Ẹ má gé e láti fi wáyà rẹ̀ bọ ihò. Ẹ ra ádápítà gidi tó máa di ẹnu iná náà mú ṣinṣin, torí èyí tó bá ń mì máa ń gbóná, ó sì lè jó. Bí òjò bá sì ti ń ṣú, kí àrá tó bẹ̀rẹ̀ sí í sán, yíyọ iná nìkan kò tó: ẹ tú wáyà díìṣì kúrò lára dékódà, kí ẹ sì tú ti yàrá bàbá kúrò lára modulator.

Ẹ jẹ́ kó mọ sínú ilé yín o. Bí ayálégbé tàbí aládùúgbò bá ní kí ẹ fa wáyà dé ọ̀dọ̀ òun, ẹ fi sùúrù kọ̀ fún un, torí agbo ilé yín nìkan ni ìwé àdéhùn iléeṣẹ́ tí ẹ ń sanwó fún sábà máa ń gbà láyè.

Kí ẹ tó kan ìṣó kankan, ẹ gbé tẹlifíṣọ̀n bàbá wá sí pálọ̀, kí ẹ so gbogbo rẹ̀ pọ̀ nílẹ̀ pẹ̀lú odindi wáyà tí ẹ rà, kí ẹ wò ó fún wákàtí kan. Bí ó bá dára níbẹ̀, tí ó wá bà jẹ́ nígbà tí ẹ gbé e dé yàrá, ìdí wáyà méjèèjì ni kí ẹ tún ṣe, ẹ má tíì pààrọ̀ modulator.